Ẹsẹ̀ Ni Labalábá Fi Ń Tọ́ Ewé Wò

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn ẹ̀ka Sáyẹ́ǹsì, SS 2

Ẹ̀yin àbúrò wa láti JSS, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ga, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ kí àwọn kékeré lè rí i kà. Ọ̀rọ̀ báyọ́lọ́jì ni ti ọ̀sẹ̀ yìí, àmọ́ kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé nìkan. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn kíláàsì Agric ni.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gbin ọmọ igi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá. Òjò rọ̀, wọ́n yọ ewé tuntun, inú gbogbo èèyàn dùn. Kò pẹ́ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ihò. Nígbà tó yá, egungun àárín ewé nìkan ló kù lára àwọn mìíràn. Wọ́n ní kòkòrò ni. Wọ́n ní kí oníkálukú dá owó ká fi ra apakòkòrò, ká fọ́n ọn ní Fúráìdè tó ń bọ̀. Wọ́n tún ní ká ro gbogbo bómubómu ẹ̀yìn ògiri dànù, pé ibẹ̀ làwọn kòkòrò náà ti ń wá. Kí Fúráìdè yẹn tó pé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ka èyí.

ÀÁNÚ TÍ MO ṢE TÓ DI ÌKÀ

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ pípa, àánú àwọn kòkòrò náà ṣe mí. Lẹ́yìn tá a jáde nílé-ìwé, mo lọ síbẹ̀, mo ṣa mẹ́fà nínú wọn, mo kó wọn sínú páálí bàtà, ó di ilé wa ní Okokomaiko. Ilé wa ò ní igi ọsàn. Igi máńgòrò ló wà níwájú ilé. Mo sọ fún ara mi pé ewé ṣáà ni ewé. Mo já ewé máńgòrò tuntun, èyí tó ṣì rọ̀ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, mo tẹ́ ẹ fún wọn bí ẹni ń ṣe àlejò.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọn ò fẹnu kàn án. Wọ́n kàn ń rìn káàkiri etí páálí ni. Mo wọ́n omi sí i. Mo pààrọ̀ ewé náà sí ewé gúáfà, wọn ò jẹ ẹ́. Mo bù nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí màmá mi rà, wọn ò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, méjì ti kú. Lọ́jọ́ kẹta, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Màmá mi wo inú páálí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tiẹ̀ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ?"

Mo sáré lọ sílé aládùúgbò wa tó ní igi ọsàn, mo kúnlẹ̀, mo tọrọ ewé. Bí mo ṣe fi ewé náà síwájú ẹyọ kan tó kù yẹn, ó yí orí padà, ó fẹnu kan etí ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kò sinmi títí tílẹ̀ fi ṣú.

Ìbéèrè màmá mi ni mo gbé lọ bá tíṣà báyọ́lọ́jì wa. Ohun tí wọ́n kọ́ mi, ohun tí mo kà, àtohun tí mo fojú ara mi rí ni mo kó jọ síbí.

TA NI ÌYÁ ÀWỌN KÒKÒRÒ NÁÀ?

Labalábá ni ìyá wọn. Labalábá ńlá, dúdú, tí àmì yẹ́lò pọ̀ lára ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ ti rí i rí. Tó bá ń mu omi òdòdó, ìyẹ́ rẹ̀ kì í sinmi, ó ń gbọ̀n ṣáá. Lára ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àmì kan wà níbẹ̀ bí ojú, ó ní pupa, ó ní búlúù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Papilio demodocus. Ó wà káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù Sàhárà.

Ẹyin rẹ̀ kéré, ó rí róbótó bí orí pín-ìnnì. Kì í yé e ní òkìtì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewé, pàápàá ewé tuntun tó ṣì rọ̀. Ìdin tó bá jáde níbẹ̀ dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ, dúdú pẹ̀lú funfun. Ẹyẹ tó bá ń kọjá á rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Bó bá ti ń dàgbà tó ń bó awọ, á di aláwọ̀ ewé. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ohun kan bí ìwo méjì á yọ lẹ́yìn orí rẹ̀, pupa bí ọsàn tó pọ́n, òórùn rẹ̀ á sì ta yín nímú. Ẹ má bẹ̀rù. Kì í ta ni, kì í sì í bu ni jẹ. Ó ń halẹ̀ ni.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá lọ́jú nìyí o. Ìyá yìí fúnra rẹ̀ kì í jẹ ewé ọsàn. Kò léyín. Ẹnu rẹ̀ dà bíi sítírọ́ọ̀ tá a fi ń mu mínírà, tó ká jọ sábẹ́ orí rẹ̀. Omi dídùn inú òdòdó ló ń fà mu. Ọmọ ló ń jẹ ewé. Báwo wá lẹni tí kì í jẹ ewé ṣe mọ ewé tí ọmọ rẹ̀ máa jẹ?

Kò sì gbọdọ̀ ṣìnà. Lẹ́yìn tó bá yé ẹyin, ó ti lọ nìyẹn. Kì í dúró tọ́mọ. Ọmọ tó bá yọ kéré gan-an, kò níyẹ̀ẹ́, kò lè rìn láti orí igi máńgòrò lọ wá igi ọsàn kiri gbogbo Ojo. Ibi tí ìyá bá gbé e sí, ibẹ̀ ni yóò ti yè tàbí kú. Ẹ ti rí i nínú páálí tèmi.

AHỌ́N TÓ WÀ LẸ́SẸ̀

Ní Sátidé kan, mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn aládùúgbò wa. Nígbà tí oòrùn mú dáadáa, labalábá náà dé. Ó fò yí ọgbà ká. Ó bà lé ewé ìbẹ́pẹ, kò pẹ́ rárá, ó fò. Ó bà lé ewé kókò, ó fò. Ó bà lé ewé ọsàn. Níbẹ̀ ló ti dúró. Ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sì ń lu ojú ewé náà wàràwàrà, bí ìgbà tí onílù ń fi ìka dán ojú gángan wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Lẹ́yìn náà ló tẹ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó lẹ ẹyin kan mọ́ ewé, ó gbéra.

Ìlù tó ń lù yẹn, ìtọ́wò ni. Irun wẹ́wẹ́ wà ní ìparí ẹsẹ̀ labalábá, wọ́n kéré ju ohun tójú lásán lè rí lọ. Ihò tín-ínrín wà ní ṣóńṣó orí irun kọ̀ọ̀kan. Inú ihò yẹn ni ohun tó wà lójú ewé ń gbà wọlé lọ bá àwọn iṣan ìmọ̀lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, márùn-ún ni iṣan tó wà nídìí irun kan: mẹ́rin ń tọ́ nǹkan wò, ìkarùn-ún ń mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti kan nǹkan. Iṣan wọ̀nyí ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé: ó dùn, ó korò, ó kan, òun nìyí, òun kọ́ nìyí.

Ká ní bá a ṣe dá àwa èèyàn náà nìyẹn, ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ nílé wa ò ní nílò ṣíbí. Yóò kàn ti ẹsẹ̀ bọ ìkòkò ni, á ní, "Iyọ̀ ò tíì tó." Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, tíṣà wà nítòsí!

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1921, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Dwight Minnich, fi omi ṣúgà kan ẹsẹ̀ labalábá. Kò fi kan ẹnu rẹ̀ rárá o, ẹsẹ̀ nìkan ni. Ẹnu labalábá tó ká jọ náà sì tú, ó na jáde, ó ń wá ohun tó máa mu. Bí wọ́n ṣe fìdí ẹ̀ múlẹ̀ nìyẹn pé ẹsẹ̀ labalábá ń mọ adùn.

Àmọ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ o. Láti ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ ló ń wo àwọ̀ àti ìrísí ewé. Bó bá ti sún mọ́ ọn, ìwo méjì orí rẹ̀, tó jẹ́ imú fún un, ń gbọ́ òórùn. Ojú ló ń pe ẹjọ́, imú ń jẹ́rìí, ẹsẹ̀ ló ń dájọ́. Àfi kẹ́sẹ̀ kan ewé kó tó gbà pé ibí ni òun máa fi ọmọ òun sí.

KÍ NI ẸSẸ̀ NÁÀ Ń WÁ?

Ní 2011, Katsuhisa Ozaki àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànù tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Communications. Labalábá tí wọ́n lò ń jẹ́ Papilio xuthus. Mọ̀lẹ́bí tiwa ni. Òun náà, igi ọsàn ló ń yé ẹyin sí. Wọ́n wá ohun tó wà lẹ́sẹ̀ abo rẹ̀ tó fi ń dá ewé ọsàn mọ̀, wọ́n sì rí ọ̀kan tó ń dá kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní synephrine mọ̀. Synephrine wà lára igi ọsàn. Ẹ rò ó bíi kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo: synephrine ni kọ́kọ́rọ́, àgádágodo rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ labalábá.

Kí wọ́n lè mọ̀ dájú, wọ́n dá iṣẹ́ àgádágodo yẹn dúró lára àwọn labalábá kan. Ẹsẹ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ synephrine mọ́, bí wọ́n sì ṣe ń yé ẹyin tí wọ́n bá kan synephrine dínkù.

Synephrine nìkan kọ́ ló wà ńbẹ̀ o. Kẹ́míkà púpọ̀ ló para pọ̀ nínú ewé ọsàn, bí èròjà ṣe ń para pọ̀ nínú ọbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀gúsí tí kò ní irú, tí kò ní ata, ẹ máa mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Bó ṣe rí fún labalábá náà nìyẹn. Bí èròjà náà bá ṣe pé tó ni ọkàn rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ láti yé ẹyin tó.

Kí ló dé tí mo ń sọ abo ṣáá? Nítorí abo ló ń ṣe yíyàn yìí. Ní 2013, Adriana Briscoe àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹsẹ̀ labalábá ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan wò, ìyẹn Heliconius melpomene. Wọ́n rí i pé irú àgádágodo ìtọ́wò tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀ abo ju ti akọ lọ. Akọ kì í yé ẹyin. Ẹni tó fẹ́ bímọ ló ń wá ilé.

ÌKORÒ EWÉ DI ÀMÌ ILÉ

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni igi ń fi gbogbo kẹ́míkà yìí ṣe? Igi ò lè sá. Ewúrẹ́ dé, tata dé, ìgbín dé, ibi tó wà náà ló wà. Nítorí náà, inú ewé ló kó ohun ìjà rẹ̀ sí: ìkorò, òórùn líle, oje, oró. Ọ̀pọ̀ ẹranko àti kòkòrò tó bá tọ́ ọ wò á kó ẹnu kúrò.

Àmọ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn kòkòrò kan rí ọ̀nà fara da oró igi kan pàtó. Ara wọn mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́ tàbí bí wọ́n ṣe ń gbé e pamọ́. Lọ́jọ́ tí ìyẹn ṣẹlẹ̀, ohun tí igi fi ń lé àlejò wá di ohun tí àlejò fi ń mọ ilé. Ẹ wo ewúro. Ọmọdé tí kò fẹ́ ìkorò á sá fún un. Àmọ́ ẹni tó ń wá ewúro lọ́jà, ìkorò yẹn gan-an ló fi ń mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ta ewé mìíràn fún. Ní 1964, Paul Ehrlich àti Peter Raven kọ àpilẹ̀kọ kan nípa labalábá àti igi. Wọ́n ṣàlàyé níbẹ̀ pé igi ń ṣe ohun ìjà tuntun, kòkòrò ń kọ́ bó ṣe máa borí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe jọ ń yí ara wọn padà láti ìran dé ìran.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tèmi ò fi jẹ ewé máńgòrò. Kì í ṣe agídí. Ìdin náà ní ohun tó fi ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu, bí ìyá rẹ̀ ṣe ní in lẹ́sẹ̀. Ó tọ́ máńgòrò wò, kò gbọ́ adùn ilé, kò gbà pé oúnjẹ ni. Ebi pa á kú lórí ewé tútù. Èmi ni mo ṣe é.

ỌSÀN ÀTI ORIN ÀTA, ẸBÍ NI WỌ́N

Èyí ló dùn mọ́ mi jù. Ọsàn kì í ṣe igi ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Labalábá yìí sì ti wà ní Áfíríkà kí ọsàn tó dé. Kí wá làwọn ìyá ńlá rẹ̀ ń yé ẹyin sí láyé ọjọ́un?

Àwọn igi ilẹ̀ wa tó jẹ́ ẹbí ọsàn ni. Ọ̀kan ni àtàpàrí òbúkọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Clausena anisata. Orin àta náà wà nínú ẹbí yẹn, Zanthoxylum ni wọ́n ń pe ìran tirẹ̀, labalábá yìí sì máa ń yé ẹyin sórí àwọn kan nínú ìran náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá màmá àgbà fi orin àta fọ ẹnu rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń ta lẹ́nu tí ahọ́n á dà bíi pé ó fẹ́ kú. Àwọn onímọ̀ igi kó orin àta, àtàpàrí òbúkọ àti gbogbo ọsàn sínú ẹbí kan, Rutaceae ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ já ewé ọsàn kan, ẹ gbé e sókè sí oòrùn: ẹ máa rí àmì tótòtó tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Àpò òróró ni wọ́n. Àmì ẹbí ni.

Labalábá ò ka ìwé, kò ṣe WAEC. Àmọ́ nígbà tí àlejò láti Éṣíà dé, tó gbà á láyè kó fẹsẹ̀ kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ fún un pé: èyí kì í ṣe àjèjì, ẹbí àtàpàrí òbúkọ ni.

BÓMUBÓMU Ẹ̀YÌN ÒGIRI ŃKỌ́?

Wọ́n ní ibẹ̀ làwọn kòkòrò inú ọsàn ti ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ ìkà, àìmọ̀ ni.

Labalábá tó ń yé ẹyin sórí bómubómu yàtọ̀. Àwọ̀ tirẹ̀ dà bí ilẹ̀ pupa, etí ìyẹ́ iwájú rẹ̀ dúdú, ó sì ní àmì funfun. Danaus chrysippus ni wọ́n ń pè é. Ìdin rẹ̀ ní ìlà dúdú, funfun àti yẹ́lò, pẹ̀lú ohun bí okùn dúdú mẹ́fà lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ẹsẹ̀ labalábá náà nígbà tó bà lé nǹkan, mẹ́rin lẹ máa rí. Kì í ṣe pé méjì gé o. Méjì iwájú ti kéré, ó ká wọn mọ́ àyà. Kì í fi wọ́n rìn mọ́, àmọ́ abo ṣì ń fi wọ́n lu ewé, ó ń fi wọ́n tọ́ ọ wò.

Ẹ mọ oje funfun tí bómubómu ń sun. Àwọn Fúlàní tó ń ṣe wàrà máa ń lo oje igi yìí láti mú kí wàrà dì. Bẹ́ẹ̀ oró wà nínú oje ọ̀hún, ẹ má jẹ́ kó kán sí yín lójú láéláé. Ìdin Danaus ń jẹ ẹ́, díẹ̀ nínú oró náà sì lè wà lára rẹ̀ títí tó fi di labalábá. Ẹyẹ tó bá jẹ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó bì í, kì í fẹ́ tún un jẹ.

Tá a bá wá ro bómubómu, àwọn yìí ò ní ṣí lọ sórí ọsàn. Wọn ò lè jẹ ẹ́. Ọmọ igi ọsàn wa ò ní jèrè ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀. A kàn máa lé àwọn tí kò ṣẹ̀ wá kúrò nílé ni.

ẸSẸ̀ NÁÀ LÈ ṢÌ Í

Kẹ́ ẹ má rò pé ìtọ́wò kì í tan ni. Ní Amẹ́ríkà, labalábá funfun kan wà tó ń jẹ́ Pieris virginiensis. Àwọn èèyàn gbé koríko kan tó ń jẹ́ garlic mustard wọ ibẹ̀ láti Yúróòpù. Adùn koríko náà jọ ti ewé tí labalábá yìí mọ̀ láti ìran rẹ̀, torí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ìyá fẹsẹ̀ tọ́ ọ wò, ó ní ilé nìyí, ó yé ẹyin. Àmọ́ oró mìíràn wà nínú koríko yẹn tí ọmọ ò lè fara dà, wọ́n sì ń kú síbẹ̀.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Àwa èèyàn gbé igi kan láti Éṣíà wá síbí, ọmọ labalábá yè lórí rẹ̀. Àwa èèyàn náà gbé koríko kan lọ sí Amẹ́ríkà, ọmọ labalábá ń kú lórí rẹ̀. Ìyá ò mọ èwo ni èwo. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ fún un nìkan ló mọ̀.

KÍ NI KÁ WÁ ṢE SÍ ỌSÀN WA?

Mi ò sọ pé ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sílẹ̀ kí kòkòrò jẹ ẹ́ tán. Owó ìwé àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sì làágùn. Igi kékeré tí ewé rẹ̀ ò tó ogún ò lè bọ́ ìdin mẹ́rin. Àmọ́ ọ̀nà wà.

Èkíní, ẹ jẹ́ ká bò wọ́n. Ẹ rántí pé ẹsẹ̀ ló ń dájọ́. Tí ẹsẹ̀ ìyá ò bá kan ewé, kò ní yé ẹyin. Tá a bá fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àtijọ́ bo igi kọ̀ọ̀kan, tá a fi ọ̀pá mẹ́rin gbé e sókè kó má kan ewé, á fò yí i ká títí, á lọ. Igi tó bá ti dàgbà tó pọ̀ ní ewé lè fara da ìdin díẹ̀, kò nílò rẹ̀ mọ́.

Èkejì, ká máa yẹ ewé wò láràárọ̀, ká fọwọ́ ṣa ẹyin àti ìdin. Igi mẹ́wàá péré ni. Èèyàn méjì á parí rẹ̀ kí aago ìpéjọ tó lù.

Ẹ̀kẹta, ká kó àwọn tá a bá ṣa lọ sórí igi ọsàn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn tíṣà. Orí ọsàn o! Kì í ṣe máńgòrò. Ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ní ti apakòkòrò, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn àbúrò wa ń ṣeré lẹ́yìn kíláàsì yẹn, kànga wa ò sì jìnnà. Dichlorvos tí gbogbo èèyàn ń rà lọ́jà kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tá a bá fọ́n ọn, oyin tó ń wá sórí òdòdó ọsàn máa kú pẹ̀lú. Ìgbà tí igi bá wá fẹ́ so, ta ló máa bá a gbé àtíkè òdòdó kiri?

Ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ máa wáyé ní Tọ́sìdeè lẹ́yìn ilé-ìwé. Èmi máa mú nẹ́ẹ̀tì kan wá láti ilé. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó mú un dání.

Ẹyọ kan tó kù nínú páálí mi jẹ ewé ọsàn fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Lẹ́yìn náà ló gun igi tí mo fi síbẹ̀, ó fi okùn tín-ínrín so ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó di púpà, ó dákẹ́. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, màmá mi ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n pariwo pè mí. Ó ti jáde. Ìyẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, ó rún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Mo gbé páálí náà lọ sídìí igi ọsàn aládùúgbò wa, mo ṣí i sílẹ̀. Nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó gbéra. Mi ò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Tó bá jẹ́ abo, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ̀nà.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN WỌ̀NYÍ SÍNÚ ÌWÉ NÓÒTÌ YÍN

1. Kí nìdí tí labalábá fi nílò ìtọ́wò ewé bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ ewé?
2. Ẹ̀yà ara wo ni labalábá fi ń gbọ́ òórùn? Èwo ló fi ń tọ́ ewé wò?
3. Ẹ dárúkọ igi ilẹ̀ wa méjì tó jẹ́ ẹbí ọsàn.
4. Ẹ ṣàlàyé bí oró igi ṣe di àmì tí labalábá fi ń mọ ilé ọmọ rẹ̀.
5. Kí nìdí tí ríro bómubómu ò fi ní gba ọsàn wẹ́wẹ́ wa là?

ṢÍṢE: Ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nídìí igi ọsàn kan nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ kọ iye ewé tí labalábá bà lé sílẹ̀, iye tó lù, àti iye tó yé ẹyin sí. Ẹ fi èsì rẹ̀ sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn. Màá lẹ èyí tó dára jù mọ́ pátákó yìí ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.